Ọjọ́ tí Marivic búra nílé ìkàwé

Darlene ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Tòróńtò, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ní tèmi, ó ti rẹ̀ mí, n ò lè purọ́ fún ọ. Yìnyín ti bo gbogbo oko, ọkọ̀ kì í fẹ́ sítáàtì láàárọ̀, ìyá rẹ ṣì wà lórí ibùsùn, ẹ̀yìn mi ò sì lè gbé e mọ́. Marivic, ọmọ Filipíìnì tó ń tọ́jú rẹ̀, ló ń gbé e, ló ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́rú tó kọjá ni wọ́n sọ Marivic di ọmọ Kánádà nílé ìkàwé wa, níbi tí o ti máa ń yá ìwé ẹlẹ́ṣin ní kékeré. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ohun tí mo gbà ni pé ìwé àṣẹ tó fi wọ̀lú ló so ó mọ́ ilé wa, bó bá sì ti búra tán, okùn já nìyẹn. Ta ni yóò wá máa gbé ìyá rẹ?

Adájọ́ tó ń darí ìbúra náà ní kí àwa tí a ti jẹ́ ọmọ Kánádà tẹ́lẹ̀ náà dìde, ká tún ìbúra ṣe. Áà, mo rò pé tèmi ti kú ni, bíi káàdì báńkì tí wọ́n ní kí n lọ tún ṣe. Mo nawọ́ ọ̀tún sókè, mo búra fún ọba Kánádà, mo sì tò sẹ́yìn àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ búra lọ gba ìwé ẹ̀rí tèmi. Adájọ́ wá orúkọ mi títí, kò rí i. Mo ní kó rọra wò ó dáadáa, pé ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fún mi ní àsíá kékeré kan.

Ìyá Marivic wà nínú fóònù láti ìlú wọn, ó ń wò wá, ó ń sunkún ayọ̀. Mo gé kéèkì fún un, mo gbé e síwájú fóònù títí apá fi ń ro mí, torí kò dáa kí ìyá ẹni tí à ń ṣàjọyọ̀ fún máa wo ẹnu wa.

Bí a ṣe ń wakọ̀ padà, mo ní kó má tijú, kó sọ ọjọ́ tó máa kó lọ. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀, pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìwé kankan ò ti so òun mọ́ ilé wa, ìyá rẹ ni òun ò lè fi sílẹ̀. Darlene, mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún bí ọmọdé.

Àmọ́ ara ìyá tirẹ̀ náà ò yá. Ó tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn Kérésì kó lọ rí i. Mo ní kó lọ, n ò tiẹ̀ bi ẹ̀yìn mi léèrè kí n tó dáhùn.

Nítorí náà, bówó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi gba ẹni tí yóò dúró fún un. Má fi í sínú fóònù o, n ò mọ ibi tí yóò gbà jáde. Bí kò bá sí owó, gbé ara rẹ wá. Ẹni tí ohunkóhun ò so mọ́ wa dúró tì wá. Ìwọ, ìyá rẹ ló bí ọ.

Ojú ò ní pọ́n ọ. Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ, ọmọ rẹ ò ní jìnnà sí ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Lorne