Ohun Tó Ń Dún Nínú Mọ́tò Tí O Rà fún Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe ńkọ́, ẹsẹ̀ rẹ tí bàtà gogoro ń dá lóró ńkọ́? Àwa náà wà, a ò kú, a ò sì ṣàìsàn, ìyẹn tó ọpẹ́. Ilẹ̀kùn tí o bá fẹ́ kàn á ti ṣí kí o tó na ọwọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí o gòkè níbi iṣẹ́ yẹn, òun náà ni yóò gbé àga fún ọ jókòó. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Òrùlé ibi ìdáná kò jò mọ́, adìẹ funfun ti pamọ, ológbò sì ti gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, àmọ́ èèyàn kì í torí ìyẹn kọ lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló mú mi gbé bírò. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ó yé mi díẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó wá parí ni kò yé mi mọ́ rárá.

Nígbà tí awakọ̀ tí o rán gbé mọ́tò náà dé, bàbá rẹ yí i po, ó ń yọjú sábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ wolé-wolé, tó ń wo ìdí ìkòkò omi onílé-onílé. Kò rí kòkòrò kankan, inú rẹ̀ dùn. Èmi gbé báàgì mi lé àga iwájú, ni mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Bàbá rẹ ní ó ń sọ pé kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ de bẹ́líìtì ni. Mo ní báàgì ni, kì í ṣe èèyàn. Mọ́tò kò gbà. Mo bá de bẹ́líìtì mọ́ báàgì, ó dákẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé mọ́tò olówó gọbọi kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èmi àti báàgì mi, àmọ́ mo ní tuntun ni, yóò mojú wa tó bá yá. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ ń fi ẹ̀yìn wà á jáde, mo rí ẹ̀yìnkùlé wa nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú, tòun ti ewúrẹ́ wa àti aṣọ tí mo sá. Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún àwọn tó ń yà wá pé tí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe é, kí wọ́n kọ́kọ́ wí, kí n lè kó ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ bàbá rẹ kúrò lórí okùn.

Kò pẹ́ ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbi tí wọ́n ń pè ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi gbọọrọ níwájú awakọ̀ tí aago àti iná wẹ́wẹ́ wà. Lórí ọ̀dà tó tẹ́jú kì í dún. Tí a bá ti dé ọ̀nà sọ́mìlì, níbi tí ọkọ̀ akógi ti sọ ilẹ̀ di gbágungbàgun, ló máa bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa nígbà náà o. Létí tèmi, ó ń sọ pé, kí ló kù, kí ló kù. Bàbá rẹ ní irọ́ ni, pé ohun tó ń sọ ni, àkàbà dà, àkàbà dà.

O kò tíì gbàgbé àkàbà tí òun àti Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe télọ̀, torí rẹ̀ kẹ̀yìn síra wọn. Bàbá rẹ ní odindi lòun yá a. Bàbá Kékeré ní igi ìtẹsẹ̀ kan ti kán kó tó dé ọwọ́ òun. Láti ìgbà tí o ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ni wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan ló kọjú sí ilẹ̀kùn èkejì. Èmi ni wọ́n sọ di tẹlifóònù. Ọ̀kan á ní kí n sọ fún ẹni yẹn pé òjò ń bọ̀, kó kó aṣọ oníbàárà rẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn ti gbọ́, ó ti ń kó o.

Bàbá rẹ wá ní ohun tuntun tó ń dún bí agolo ìṣó, ẹ̀sín ni, pé òun á dá a padà fún ọ, òun á máa fi ẹsẹ̀ òun rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wo orúnkún òun. O mọ orí kunkun rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo pè ọ́, o ní kí n fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé fóònù sún mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo fi ẹ̀sọ̀ sọ fún un pé ọmọ mi fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, jọ̀wọ́ sọ̀rọ̀, má tijú. O ní ohùn tèmi nìkan lo gbọ́, tí mò ń bẹ ẹnì kan. Ó dùn mí gan-an, torí bí mo ṣe gbé fóònù padà sínú báàgì báyìí ló dún.

O tún ní ká má ṣèyọnu, pé mọ́tò náà ní wáráǹtì. A wọṣọ dáadáa, a lọ síbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ débi pé bàbá rẹ bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó síwájú pé ọ̀dọ̀ Wáráǹtì la wá. Ó ní wáráǹtì wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ariwo kò kàn án. Mo ní kò burú, kó ṣáà yọjú sí wa, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, a ò ní bá a jà. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó wo bàbá rẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ lásán, ó fún wa ní omi tútù. A jókòó títí, ọkùnrin náà kò jáde. Bàbá rẹ ní ọ̀gá ńlá ni yóò jẹ́. Tí o bá mọ̀ ọ́n, sọ fún un pé ìwà tó hù sí àgbàlagbà kò dáa.

Nígbà tí a padà délé, mo lọ pe mẹkáníìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìkóríta, ẹni tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-wàhálà, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó ṣí mọ́tò wò. A gbé e lọ sí ọ̀nà sọ́mìlì. Ohun náà pa lọ́lọ́, bí ọmọ tó ń sunkún tó rí àlejò. Tí mẹkáníìkì bá sọ̀kalẹ̀, á dún. Tó bá wọlé, á dákẹ́. Bàbá rẹ ti ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ ní kó kúkú máa bá wa gbé. Kò-sí-wàhálà ní kò sí wàhálà, irú ariwo bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ kí mọ́tò wúwo ni. Ó ní kí èèyàn mẹ́rin wọlé, kí òun máa wà á, kí àwọn yòókù máa fi ọwọ́ tẹ dáṣíbọ́ọ̀dù níbì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí a bá tẹ̀ tó bá dákẹ́, ibẹ̀ ni olè sá pamọ́ sí.

A padà sílé láti wá ẹnì kẹrin. Àlejò ni Kò-sí-wàhálà, kò mọ ìtàn àkàbà. Ó wo òdìkejì, ó rí Bàbá Kékeré nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ké sí i pé, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa jókòó sínú mọ́tò. Bàbá Kékeré dìde, tòun ti tépù lọ́rùn. Mi ò mọ̀ bóyá ó kàn fẹ́ wọ mọ́tò tuntun tó ti ń wò láti ojú fèrèsé ni. Ó wọlé, ó jókòó tì mí lẹ́yìn. Bàbá rẹ kò yíjú padà.

Báyìí la ṣe gbéra. Bàbá Kékeré na ọwọ́ gba àárín àga méjèèjì, ó tẹ ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń jáde. Ó ní, ìyàwó wa, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n tẹ apá òsì. Ìjà náà kò pa ọ̀wọ̀, “wọ́n” ló ṣì ń pè é. Mo sọ fún un. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún un pé òun ti tẹ̀ ẹ́ kó tó wí. Mo sọ ìyẹn náà. Ọrùn ti ń ro mí, bẹ́ẹ̀ orí wọn kò jìnnà síra ju apá kan lọ. Bí a ṣe dé ibi gbágungbàgun, òòyì kọ́ mi. Mo ní kí wọ́n já mi sílẹ̀ lábẹ́ igi, kí wọ́n máa lọ. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó rántí pé èmi ni tẹlifóònù. Ta ni yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀?

Mo jókòó sórí ìtì igi, mò ń gbàdúrà. Mọ́tò lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Mo wá gbọ́ igbe. Bàbá rẹ ń pariwo, Bàbá Kékeré ń pariwo. Mo ká aṣọ mi sókè, mo sáré, mo rò pé wọ́n ti ń para wọn. Mo débẹ̀, mo bá àwọn méjèèjì tí orí wọn wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ìdí wọn wà níta. Bàbá rẹ ń sọ pé, mo ní apá ọ̀tún ni! Bàbá Kékeré ń sọ pé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé orí yín kúrò kí n gbọ́ràn, apá òsì ni! Kò-sí-wàhálà fara ti mọ́tò, ó ń mu omi. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ bóyá kí n là wọ́n ni tàbí kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìjà ni o, àmọ́ wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kọjá ẹyọ kan. Ọ̀rá kan há sẹ́yìn rédíò láti ibi tí wọ́n ti ṣe mọ́tò náà. Ìṣó kékeré kan ti tú, ó ń yí kiri nínú ihò afẹ́fẹ́. Awò ojú bàbá rẹ, tó ti ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn mí, wà nínú àpótí iwájú. Síbẹ̀ ó ṣì ń dún, torí ike méjì tó ń forí gbárí. Nígbà tí a padà délé, Bàbá Kékeré lọ gé aṣọ dídán tó fẹ́ fi tẹ́ inú kóòtù oníbàárà kan, ó fi há àárín wọn. Ó dákẹ́. A lọ, a bọ̀, kò dún. Bàbá rẹ sanwó fún Kò-sí-wàhálà. Bàbá Kékeré dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, lẹ́yìn náà ó rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ibẹ̀ gan-an ló ti dojú rú. Mo bá bàbá rẹ tó jókòó sínú mọ́tò nínú ọgbà, ó ti ilẹ̀kùn, kò tan án, kò lọ ibì kankan. Mo ní kí lẹ ń ṣe, ó ní òun ń tẹ́tí sílẹ̀. Mo ní sí kí ni, ó ní òun kò tíì mọ̀. Lódìkejì, ẹ̀rọ Bàbá Kékeré á dún, á dúró, á tún dún. Gbogbo ìgbà tó bá dúró, ìta ló ń wò. Ẹnikẹ́ni kò sì ní kí n sọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wá dà bí fóònù tí kò ní káàdì.

Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ dìde, ó rọra sọdá, ó dúró lẹ́nu fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, àbúrò mi, mo rò pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kékeré ń rán ṣòkòtò kan lọ́wọ́, ẹni tó ni ín jókòó tì í. Kò tiẹ̀ bi bàbá rẹ pé kí ló bẹ̀rẹ̀. Ó fi ṣòkòtò sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, ó ní, mo mọ̀, mo ti ń fura. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Oníṣòkòtò ń bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n máa dé. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Láti ìgbà náà, ilẹ̀ kì í ṣú kí wọ́n má lọ wá a. Mo bá wọn lọ, kí n fi etí ara mi gbọ́. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń mí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá wọn, bó ṣe máa ń fi bàtà lé wọn yí ilé po, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú bàbá rẹ. Tí wọ́n bá ti dé ọ̀nà sọ́mìlì, wọ́n á pa ẹnu mọ́, wọ́n á na ọrùn síwájú. Bàbá rẹ á ní, òun nìyẹn. Bàbá Kékeré á ní, òun gan-an, ó ti sún sápá ọ̀tún. Mo tẹ́tí títí etí fi ń dùn mí. Ọmọ mi, kò sí nǹkan kan tó ń dún. Mo ní, mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Wọ́n wo ara wọn. Bàbá rẹ ní etí mi ló dí.

Mo lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó tan iná sínú etí mi, ó fọ̀ ọ́, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Lóòótọ́, mò ń gbọ́ bí adìẹ ṣe ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo wá bẹ Kò-sí-wàhálà pé kó bá wọn lọ. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin tí kò sí mọ́tò tó ní wàhálà lójú rẹ̀ rí, ó wo ilẹ̀, ó ní, Màmá, wàhálà wà níbẹ̀ o. Ó ní irú ariwo bẹ́ẹ̀ kì í yára tán, kí n ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa wá a, kí n má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo na owó sí i, kò gbà. Mẹkáníìkì rí iṣẹ́, ó kọ owó! Ìdààmú mi wá di méjì.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó epo mọ́tò ránṣẹ́, torí epo tí wọ́n ń sun láti fi wá ohun tí kò dún ti ju èyí tí wọ́n sun nígbà tó ń dún lọ. Fi díẹ̀ kún un fún aṣọ inú kóòtù tí Bàbá Kékeré gé, oníkóòtù ti mọ̀. Má fi í sínú fóònù o. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Sì bá wa bi àwọn tó ṣe mọ́tò náà bóyá wọ́n mọ irú ariwo kan tó jẹ́ pé ọmọ ìyá méjì nìkan ló ń gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ní àwọn lè tún un ṣe, sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì wá. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ní kí o sọ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí o fi ohun ìrìn sábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ, o kò ní rìn lásán. Ohun tí ò ń wá, ohun náà á máa béèrè ilé rẹ lọ́wọ́ aráàlú. Ọmọ tí o bá bí á mọyì rẹ lójú ayé rẹ.

Mo gbọ́ mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà báyìí, wọ́n ti dé. Mo yọjú, mo ní ṣé ẹ rí i? Bàbá rẹ ní rárá o, àwọn ò rí i, ó di ọ̀la. Bàbá Kékeré náà ní ó di ọ̀la. Inú wọn ń dùn bí ẹni tó rí i. Kò yé mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.