Òbí Mọ́kànlélógójì Ló Buwọ́ Lu Fọ́ọ̀mù Dùnníolúwa

Oríòkè-Ìwàmímọ́,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Dùnníolúwa ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun, ṣé o sì ń rántí gbàdúrà kí o tó ṣí ìwé? Olúwa tó ń ṣọ́ wa lórí omi yóò máa ṣọ́ ọ lórí ilẹ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní ẹja gbígbẹ tí òun fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Òkun tún kó ilé ìdáná Rèbékà aládùúgbò wa lọ, ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ kò bá a lọ, a dúpẹ́ fún ìyẹn náà.

Fàtáì ọlọ́kọ̀ gbé fọ́ọ̀mù rẹ dé láti Igbokoda, ó fi ọ̀rá wé e kí omi má bàa kàn án. Mo kà á, inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n ní kí òbí buwọ́ lù ú pé o kúrò ní ẹ̀ka ẹ̀rọ, o fẹ́ lọ gboyè nínú orin, àti pé bó bá kọjá ọjọ́ Ẹtì, wọn ò ní gbà á mọ́. Ṣebí ìmọ̀ ẹ̀rọ la rán ọ lọ kọ́ ní yunifásítì, kí ìlú lè ní ẹni tí yóò máa tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa ṣe? Orin wo ló kù tí a kì í kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gba owó iléewé lọ́wọ́ wa?

Mo ń bínú lọ́wọ́ ni orin tí o ṣe wọ inú fóònù mi, èyí tí o ní àwọn olùkọ́ fún ọ ní máàkì púpọ̀ lé lórí. Mo tẹ̀ ẹ́, kí ni mo gbọ́? Ẹ́ńjìnnì mi ni! Bó ṣe máa ń wúkọ́, tó máa ń dákẹ́ ká tó dé Ugbonla, àti ohùn ìyá rẹ tó ń pariwo láti èbúté pé mo tún gbàgbé oúnjẹ mi. Omi bọ́ lójú mi. Mo wá rò ó pé bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò ní yunifásítì nìyẹn, pé etí ni wọ́n fi ń mọ àìsàn rẹ̀. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà kó gbọ́ ara rẹ̀, kí ojú tì í. Mo fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dáhùn.

Mo bá gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣàlàyé fún wọn pé orin yìí ni wọ́n fi ń mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì. O mọ̀ pé ọmọ ẹnì kan kọ́ lọmọ níhìn-ín. Bí fọ́ọ̀mù bá ti ní òbí, gbogbo wa ni. Alàgbà Pọ́ọ̀lù ló ṣáájú, Rèbékà tẹ ìka, Ìtẹ́olúwakìṣí buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ti àkọ́kọ́ kò dára. Ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gbà ju ẹnì kan lọ, ahun ni àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn, la bá yí i sẹ́yìn. Fàtáì tó jẹ́ Mùsùlùmí náà fọwọ́ sí i, torí ọkọ̀ rẹ̀ ló gbé ọ kúrò nílé. Bí ọ́fíìsì bá bi ọ́, sọ fún wọn pé àwọn òbí rẹ yòókù wà lójú omi.

Nígbà tí wọ́n túká tán ni Rhoda tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ka fọ́ọ̀mù náà dáadáa. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kò sí ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀, orin lásán ni. Mo tún tẹ ohun inú fóònù yẹn, mo tún sunkún. Mo bẹ Rhoda kó má ì tíì sọ fún Alàgbà Pọ́ọ̀lù. Èmi náà wá buwọ́ lù ú, nísàlẹ̀ pátápátá, mo sì mọ ohun tí mo buwọ́ lù.

Sáré gbé e lọ. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì mẹ́jọ ni wọ́n ti kó síwájú ilé wa báyìí, wọ́n ní o máa tún wọn ṣe tí o bá wálé fún ọlidé. Nítorí náà, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọ̀rẹ́ rere ní yunifásítì yẹn, ọ̀rẹ́ tó mọ ẹ́ńjìnnì. Mú un dání wálé. Òun á máa tún wọn ṣe, ìwọ á máa kọrin tì í, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúwadáre