Àga Tó Gba Àtẹ Ẹja Màmá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Màmá ti kọṣẹ́, èmi ni mo ń fi àga onítáyà tì wọ́n kiri. Lónìí a lọ ra oníbátìrì, èyí tó ń dá rìn láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í, ní Mowó. Àfi bí Màmá ṣe gbé àtẹ tí wọ́n fi máa ń kiri ẹja dání. Ojú kọ́kọ́ tì mí.

Wọ́n jókòó sórí èyí tó wù mí, wọ́n gbé àtẹ lé itan. Àtẹ bo ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí àga náà.

"Gbé òmíràn wá, ọmọ mi," ni wọ́n sọ fún ẹni tó ń tà á. "Ìjókòó ti sú mi. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ padà sí."

Ẹ̀kẹta ló gba àti àtẹ àti Màmá, òun la sì rà. Kò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà.

Nígbà tí a délé, mo na ọwọ́ kí n tì wọ́n. Wọ́n ti fúnra wọn darí àga náà já sí títì, wọ́n ń polówó ẹja. Mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣe.