Kapasítọ̀ Tó Gbé Ohùn Ọ̀gágun Mì

Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Ṣúgà,
Huwei, Yunlin.
12 Oṣù Kẹfà, 1979.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdíje Olóhùn Ọmọláńgidi,
Ọgbà Tẹ́ḿpìlì, Huwei.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN OHÙN MI GBỌ́ KÍ Ẹ TÓ YAN ỌMỌ-Ẹ̀KỌ́ FÚN BÀBÁ LIAO

1. Mo díje ní ọjọ́ Àìkú láti di ọmọ-ẹ̀kọ́ Bàbá Liao, àgbà olóhùn ọmọláńgidi tó ń fọhùn fún àwọn ọmọláńgidi nínú eré. Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá fẹ́ gbà, ó sì ti ní òun ò tún ní gba òmíràn láyé òun.

2. Ohùn mẹ́ta ni ẹ ní kí n ṣe: ọmọge, aláwàdà àti arúgbó ọ̀gágun. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dún. Nígbà tí ọ̀gágun lanu, ohun tó jáde nínú sípíkà dà bí yànmùyánmú tó há sínú agolo. Adájọ́ kan sọ lójú gbogbo èrò pé, "Ọmọ yìí, lọ jẹun kó o tó padà wá. Wọn ò tíì já ọ̀gágun rẹ lẹ́nu ọmú." Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára títí di òní, torí ọ̀fun mi kò jẹ̀bi.

3. Kapasítọ̀ ló jẹ̀bi, èyí tí ohùn ń gbà jáde nínú ẹ̀rọ kékeré tí maikirofóònù so mọ́ lọ sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ohùn sókè fún sípíkà. Ó bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Ko Teng-fa, tó ń tún ẹ̀rọ tẹ́ḿpìlì ṣe, sì fi èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.05 maikirofáráàdì rọ́pò rẹ̀. 0.05 tó fún ẹ̀rọ ńlá àtijọ́, onígílóòbù bíi ti rédíò ayé àtijọ́, torí kì í fa iná púpọ̀ lára èyí tó ṣáájú rẹ̀. Èyí tí ẹ rà lọ́dún yìí, onítíránsísítọ̀, ń fà gan-an. Bí kapasítọ̀ bá kéré níbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn bíi ti ọ̀gágun kò ní ráyè kọjá. Ohùn òkè nìkan ni yóò là á já. 10 ló yẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń tún rédíò ṣe ló kọ́ mi.

4. Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ko láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje náà. Èsì rẹ̀ ni pé, "Ogún ọdún ni ọ̀gá mi fi ń lo 0.05, ta ló kú? Ìwọ tí wọ́n lé nílé-ìwé, o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?" Lóòótọ́ ni wọ́n lé mi. Mo fi ohùn ọ̀gá ilé-ìwé sọ pé kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé, wọ́n sì lọ. Ìyẹn kò sọ 0.05 di 10.

5. Ẹ yọ orúkọ mi, ẹ ní mo fi Alága ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin Alága, èmi ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi maikirofóònù kan náà kéde oúnjẹ ọ̀sán. Gbogbo Huwei ló mọ̀ pé bí ẹ bá húkọ́, ajá á sá. Lọ́jọ́ náà, ẹ dún bí òròmọdìyẹ, èrò sì bú sẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín náà. Ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀, pé ẹ̀rọ ló ń gbé ohùn tó nípọn mì, ni n kò lè tọrọ àforíjì fún.

6. Ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá Liao yóò yan ẹni tó fẹ́. Kapasítọ̀ 10 wà nínú àpòòwé yìí; mo ti fi ọ̀dà pupa kun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yẹ kó kọjú sí ẹ̀rọ kékeré. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá orúkọ mi padà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tó yàtọ̀ sí Ọ̀gbẹ́ni Ko fi iná jó o mọ́ ẹ̀rọ náà, kí bàbá fúnra rẹ̀ jókòó, kí ẹ gbọ́ mi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Bí ọ̀gágun mi kò bá mi àga tí bàbá jókòó lé, èmi fúnra mi ni n ó fa ìlà pa orúkọ mi rẹ́.

Mo dúpẹ́ ṣáájú.

Èmi tí ń retí ìpè yín,
Hsiao Kuan-ting,
Olùdíje Kẹrin.