Mo Ti Rí Mísì Winifred

Mummy mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Thamesmead nílùú òyìnbó níbí. Ẹ bá mi kí Daddy àti Auntie Bísọ́lá. Ara àwọn ọmọ le. Ẹsẹ̀ tèmi ló ṣì ń wú.

Mo ti rí Mísì Winifred, òyìnbó tó ṣe tíṣà yín ní Iléṣà nígbà tí wọ́n ṣì ń jọba lé wa lórí. Wọ́n gbé e wá sílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ létí adágún omi Southmere. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un. Mo bá yín kí i bí ẹ ṣe rán mi. Ó ní òun ò dé Áfíríkà rí. Mo ní orúkọ rẹ̀ lẹ sọ mí. Ó ní, "Ta ló ń jẹ́ Winifred?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ fi aṣọ àdìrẹ tí ẹ ní ẹ fẹ́ fún un ránṣẹ́ mọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ gbàgbé wa.

Ọmọ yín,
Winifred