Pyo Bun-rye: Ìyá Tí Kì Í Buwọ́ Lu Ìwé Àìkàtán

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1948 ni a bí Màmá Pyo Bun-rye ní abúlé àwọn apẹja kan ní Sanyang, lẹ́bàá Tongyeong. Bàbá wọn ni olóògbé Pyo Jae-sun, tó ń fi àwọ̀n kó ẹja wẹ́wẹ́. Ìyá wọn ni olóògbé Tak Mal-sun, tó ń sá ẹja náà lóòrùn. Ọmọ méjì péré ló dúró fún wọn: Màmá, àti àbúrò wọn, Bun-nam, tí a bí ní 1953.

Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1956, wọ́n sì jáde ní 1962. Bàbá wọn ní ìyẹn tó fún obìnrin. Màmá kò jiyàn, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ìròyìn tí a bá fi di ẹja wálé ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ kà, títí kan orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ní 1971, Màmá di aya olóògbé Ok Chi-gon, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ọdún náà ni Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àgọ́ tí a ti ń fi ọ̀bẹ ṣí karawun gul, ẹran òkun tó ń bọ́ ìlú wa. Lórí ìdúró ni, láti ìdájí.

Ní 1983, àwọn obìnrin àgọ́ ń dá àjọ. Nígbà tó kan Màmá láti kó, alájọ, tí Màmá ń pè ní ẹ̀gbọ́n, wọ ọkọ̀ lọ sí Busan lọ́sàn-án gangan. Ó ní òun ń lọ ra aṣọ. A kò rí i mọ́ títí di òní, bẹ́ẹ̀ owó tí Màmá fẹ́ fi ra ilé ni. Màmá kò sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí wọn jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò, bóyá ó ti wọ bàtà ìrìn àjò.

Ẹlẹ́sìn Búdà tòótọ́ ni Màmá. Wọ́n dáwó, wọ́n sì kọ orúkọ ìdílé sára amọ̀ sísun tí tẹ́ńpìlì fẹ́ fi bo òrùlé. Lọ́dún kejì, wọ́n gun òkè padà lọ béèrè apá ibo ni tàwọn wà. Àlùfáà tẹ́ńpìlì gbé àkàbà wá fún wọn.

Ní 1994, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni bẹ̀rẹ̀ sí í ta ètò owó ìfẹ̀yìntì tí èèyàn yóò fi kún ti ìjọba, àwọn aṣojú ya wọ àgọ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ọ̀fẹ́. Màmá bi ọ̀kan nínú wọn, Arábìnrin Ma Hyang-ok, pé: "Ìbọ̀wọ́ tó ò ń pín yìí, owó ta ni?"

"Ilé iṣẹ́ wa ló ní ká fi kí yín, Ìyá."

"Ilé iṣẹ́ tí kò mọ̀ mí rí ń kí mi. Bí mo bá kú lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ta ni yóò jẹ ìyókù?"

Hyang-ok ní ìdáhùn wà nínú ìwé. Ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá fi ka ìwé náà. Wọ́n rí i ní ojú ewé kẹsàn-án pé ẹni tó bá yọwọ́ ṣáájú ọdún mẹ́wàá yóò gba owó tó kéré sí èyí tó san. Wọ́n kà á sókè nínú àgọ́, kò sì sẹ́ni tó buwọ́ lùwé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 1997, tí àwọn ẹlòmíràn ń yọwọ́ pẹ̀lú àdánù, àwọn ará àgọ́ gbé ẹja wá dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni àdúgbò ti ń gbé ìwé àdéhùn wá fún Màmá kà, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi òtítọ́ pamọ́ níwájú òkú. Bun-nam, tó ń dáná nílé ẹ̀kọ́, tí kò lọ́kọ tí kò bímọ, ti buwọ́ lu irú ìwé yìí lọ́dọ̀ Hyang-ok ní 1995, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní 1998 ni Màmá rí ìwé náà nínú àpótí rẹ̀.

"Wọ́n á kó owó rẹ sá lọ. Ṣé o ti gbàgbé alájọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn kan ló sá. Kì í ṣe gbogbo ayé."

"Gbogbo ayé ló lẹ́sẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá fi ń lọ sílé Bun-nam lójoojúmọ́, títí ó fi yọwọ́. Hyang-ok bẹ̀bẹ̀ pé kó dúró. Màmá ní owó ọ̀yà tí Hyang-ok ń jẹ lórí ìwé náà ló ń sunkún.

Guk Sun-deok, tó jọ ń dáná pẹ̀lú Bun-nam, tó buwọ́ lùwé lọ́jọ́ kan náà, kò yọwọ́ ní tirẹ̀. Nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún ní 2013, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún un lóṣooṣù, títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ni yóò sì máa wọlé. Bun-nam gbọ́, kò sì bá Màmá sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá ní owó Sun-deok yẹn, ìjẹ tí a fi ń dẹ ẹja ni. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi lọ fi ojú ara wọn wo ìwé báńkì Sun-deok. Ní oṣù kẹrin, wọn kò lọ wò ó mọ́. Ẹnu ọ̀nà Bun-nam ni wọ́n lọ, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún àbúrò wọn.

"Mo ṣì ọ́ lọ́nà."

Bun-nam fèsì láti inú ilé pé: "Ìkúnlẹ̀ kì í ra ìrẹsì."

Màmá ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Wọ́n padà sí àgọ́ lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ní gbogbo ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù, wọ́n ń fi iye tí Sun-deok ń gbà sínú àpòòwé, wọ́n ń gbé e lọ fún Bun-nam. Bun-nam kàn ń kà á lójú wọn lẹ́ẹ̀mejì ni, á sì tilẹ̀kùn. Ọdún kẹta ló tó la ẹnu: "Bí ẹ bá kú ńkọ́?"

"Jin-hui ọmọ mi á máa san án. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kà á kó o tó gbà á gbọ́."

Bun-nam kà á tán lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n wọlé wá jẹun.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kìíní ọdún 2025, Màmá dákẹ́ lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ méjì sáyé, Ok Jin-hui àti Ok Seung-bae, pẹ̀lú ọmọ ọmọ mẹ́ta, àti àbúrò wọn, Pyo Bun-nam.

Lánàá, ní yàrá ìṣọ̀fọ̀, Jin-hui gbé àpòòwé oṣù yìí fún Bun-nam. Ó dá a padà láìṣí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti san án tán."

Jin-hui béèrè pé: "Kí lẹ ó wá máa jẹ, Àǹtí?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni n ó ti máa jẹun."

Kò béèrè ìwé kankan.

Màmá Bun-rye, ẹ di ojú yín wàyí. Àwa ń ṣọ́ ilé. Ẹ sùn re o.