Bí Mo Ṣe Múra Lọ Ya Fọ́tò Nínú Igbó Ìlú

Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
Ìkirè.

Amatullah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn o, ìyá mi. Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ọkọ rẹ ń ṣe dáadáa, ṣé Tawheed ọmọ yín ti ń jẹun? Bí o bá béèrè wa, ara le, a dúpẹ́, ojú nìkan ló ń tì mí. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí Àbújá lé yín wálé lófo, Yóò fi ìṣọ́ Rẹ̀ ṣọ́ yín, àmín. Bàbá rẹ ní kí n kí ẹ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan alámì tótòtó.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí màmá kò pè mí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí wọ́n ní òkè ni ohùn ń gbà kọjá kó tó dé Àbújá, èmi kò sì fọkàn tán ohunkóhun tó bá wà lókè mọ́. Mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún ẹ, torí orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ Igbó Àjọní, èyí tó wà láàárín àwa àti Àpòmù, tí kì í ṣe ti ìdílé kankan, tí gbogbo wa jọ ni ín? Lọ́dún yìí ni wọ́n ní kí á jọ jókòó gbìmọ̀ bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀, kí igi má baà tán, kí odò inú rẹ̀ má sì gbẹ. Ọmọbìnrin kan wá láti Ìbàdàn, Fọláṣẹwà lorúkọ rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń kúnlẹ̀ kí èèyàn, òun ló ń tọ́ wa sọ́nà. Wọ́n mú àgbẹ̀, wọ́n mú ọdẹ, wọ́n mú alágbo, wọ́n sì mú èmi ṣojú àwa obìnrin tó ń ta dòdò àti ewé. Inú mi dùn débi pé mo yí ohùn padà, mo ń sọ̀rọ̀ bí ìyá kọmíṣọ́nnà.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, Fọláṣẹwà pín ìwé pélébé alálẹ̀mọ́ fún wa, ó ní kí olúkúlùkù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti ń dùn ún. Àwọn yòókù ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán igbó tó wà lára ògiri. Èmi kó tèmi wálé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún bàbá rẹ, ó sì fúyẹ́ lóòótọ́, n kò mọ ohun tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Ìpàdé kejì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọ̀ṣunwùnmí, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tó máa ń pọn omi òrìṣà rẹ̀ nínú odò náà, dìde, ó ní omi ti ń fà sẹ́yìn, ẹnìkan ti gé igi létí orísun. Ẹnu mi yá. Mo ní Lùkúmọ̀n tó ń la pákó ni, pé ta ni ìbá tún jẹ́, ṣebí òun ló ní ẹ̀rọ ìgégi. Gbogbo ilé hó. Baba Ògúnyọmí, alága wa, ní kí Lùkúmọ̀n má wá sí ìpàdé mọ́ títí a ó fi wádìí. Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ, kò bú ẹnikẹ́ni.

Amatullah, èmi ni mo gé igi náà. Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbówó lórí, tí n kò rí àgbagbà tó pọ́n rà fún dòdò mọ́, mo mú lébìrà wọ ibẹ̀, a ṣán an, mo gbin àgbagbà tèmi. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà igi ni, igi ni mo fi rọ́pò igi. Mo sọ ọ́ títí ó fi di òótọ́ létí mi, débi pé nígbà tí mo ń nawọ́ sí Lùkúmọ̀n, ó ń ṣe mí bíi pé òdodo ni mò ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni Fọláṣẹwà sọ pé òun máa fi ẹ̀rọ kan tó ń fò ya igbó láwòrán láti òkè, kí gbogbo wa lè rí bó ṣe rí kí á tó pinnu. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà lè rí èèyàn. Ó ní kò lè rí ẹni tó bá wà lábẹ́ igi, àfi ẹni tó bá wà ní gbangba. Ohun tó yé mi ni pé wọ́n fẹ́ ya ìgbìmọ̀ ní fọ́tò, ẹni tó bá fẹ́ hàn kó wá gbangba dúró sí. Mo wọ léèsì pupa tí o rà fún mi nígbà Iléyá, mo wé gèlè, mo lé tìróò, mo gba inú igbó lọ. Gbogbo ibi tí mo dé ni igi bo ojú ọ̀run. Ibì kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ ni inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi. Mo dúró sí àárín rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, tó ń kùn bí oyin, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo juwọ́, mo tún yí ẹ̀yìn kó lè rí gèlè.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Fọláṣẹwà tan iná kan tó ń ju àwòrán sára ògiri. Igbó hàn, ó tutù yọ̀yọ̀. Ó wá kan ibì kan tó pá lẹ́bàá odò, nǹkan pupa kan sì wà láàárín rẹ̀. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan, ó ń fà á súnmọ́ wa, ó ń fẹ̀ sí i, títí mo fi rí eyín ara mi lára ògiri. Ẹnìkan lẹ́yìn ní ìyá Amatullah rèé. Kò pe Sàlámọ̀tù, orúkọ rẹ ló pè. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá ń kú bí wọ́n ṣe ń rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yí mi ká. Ọ̀ṣunwùnmí wo ògiri, ó wò mí, ó sì rọra fa etí aṣọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ itan mi. Mo dìde, mo ní mò ń lọ kírun, bẹ́ẹ̀ àsáárì kò tíì tó.

Mo bẹ Fọláṣẹwà pé kó pa àwòrán náà rẹ́. Ó ní kò ṣeé ṣe, ó ti wà ní àwọsánmà, pé ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó àwòrán pamọ́ sí. Láti ìgbà náà, bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, mo ń sá wọlé, kí òjò má baà rọ̀ mí sílẹ̀ fún gbogbo Ìkirè.

N kò gbé igbá dòdò dé títì mọ́. Bàbá rẹ kò bá mi wí, ó kàn béèrè bóyá mo ti lọ rí Lùkúmọ̀n. Ìbéèrè yẹn ló lé mi jáde. Mo di dòdò dání, torí ẹlẹ́bẹ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Lùkúmọ̀n gbé bẹ́ǹṣì fún mi, ìyàwó rẹ̀ bu omi wá, èyí sì dùn mí ju èébú lọ. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó sáré gbá mi mú, ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun kú ni. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìyàwó òun kò ti lè kọjá létí odò kí wọ́n má sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ó ní, màmá, ibi tí ẹ ti sọ ọ́, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti lọ kó o padà. Ó wá wo dòdò, ó béèrè bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ yẹn ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi.

Mo lọ. Mo dìde níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, ohùn ìyá kọmíṣọ́nnà kò sí níbẹ̀ mọ́, mo ní Lùkúmọ̀n kọ́, èmi ni, mo sì parọ́ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Baba Ògúnyọmí ní kí wọ́n lọ pe Lùkúmọ̀n, ó wá, wọ́n fi í jókòó síwájú. Àwọn kan ní kí á hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Lùkúmọ̀n ló ní rárá, òjò ń bọ̀, ilẹ̀ máa ṣàn wọ odò. Kí á gbin igi sáàárín rẹ̀ ná, kí èso rẹ̀ di ti ìlú, bí igi bá ti dàgbà kí á wá hú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi nínú ìgbìmọ̀, wọ́n sì ní èmi àti Ọ̀ṣunwùnmí ni kí á máa bomi rin àwọn igi náà.

Ọmọ mi, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọmọ igi afàrà àti ọ̀mọ̀, torí èyí tí Fọláṣẹwà fún wa kò tó, wọ́n sì ní èmi ni kí n ra ìyókù. Fi ti oògùn orúnkún bàbá rẹ kún un, ìwé pélébé yẹn ti ń ṣí. Bí o bá wálé tí ẹnìkan bá fojú burúkú wò ẹ́, má bá a jà, òótọ́ ni ohun tó gbọ́ nípa mi.

Ọ̀ṣunwùnmí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ ju ẹ kú iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n lánàá tí mo pọn omi tán, tí garawa wúwo jù fún mi, ó yà wá, ó gbé e rù mí.

Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ tìrẹ ru ìtìjú rẹ láéláé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàlámọ̀tù.